Bàbá Àgbà, Ará Faransé Náà, àti Aró Àbẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá gbé Bàbá àgbà mi sínú mọ́tò, odidi ẹgbẹ́ akọrin lẹ gbé yẹn. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé wọn lọ sí Lancaster, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, láti lọ wo bàálù kéékèèké tó ń gbéra ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀, torí pé Bàbá fẹ́ràn bàálù bí ọmọdé. Láti ilé wa ní Garland títí a ó fi débẹ̀, wọn ò ní dákẹ́. Wọ́n á kọ ohùn òkè, wọ́n á kọ ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ẹnu ṣe dùùrù, wọ́n á sì máa fi irin kékeré kan lu orúnkún. Irin ẹlẹ́nu méjì yẹn ni àwọn ọ̀gá akọrin fi ń mú ohùn. Ẹ lù ú, ẹ gbé e sétí, á máa kùn bí ẹ̀fọn tó lọ síléèwé.

Èmi tí mò ń wakọ̀ á máa làágùn ní tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ ní Dallas, àmọ́ títí di òní olónìí, bí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí fíríwè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, mo máa ń fa ikùn wọlé bíi pé inú ikùn mi ló fẹ́ gbà kọjá. Akínwálé ni wọ́n sọ mí. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Tèmi ò rò mí, ó kàn ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Bí Bàbá bá ti rí i pé mo di ọwọ́ mọ́ sítíárì, wọ́n á dá orin, wọ́n á ní kí n gbè é. Bí mo bá gbè é lódì, wọ́n á fi irin yẹn kan èjìká mi.

"Akin," wọ́n á ní, "tírélà ò ní pa ẹ́. Orin tí o ń bà jẹ́ yìí ló máa pa èmi."

Orin kọ́ ló pa wọ́n. Ọkàn wọn ló rẹ̀, ó sì sinmi. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Bàbá, ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí sílẹ̀ kí ó tó fò lọ. Àwọn tó kàwé pọ̀ nínú ẹbí wa, wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá àti gbogbo iléèwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìwé ní girama. Fọ́kílíìfù ni mò ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan, tí mò ń fi í gbé ẹrù sókè tí mò ń gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá wọn jókòó jù. Torí náà, ẹ má retí ìtàn ìgbésí ayé lọ́wọ́ mi. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni mo rántí.

Ọkùnrin kan wà tí Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé inú àwo kan náà ni wọ́n ti jọ jẹun. Ará Faransé ni, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá tó bí Bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tó ń bínú á fi orin bínú, tí ẹni tó ń kú náà á fi orin kú. Bàbá kì í pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àgbà iṣẹ́ ni, a kì í pe àgbà iṣẹ́ lórúkọ. "Ará Faransé mi" ni wọ́n ń pè é.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bára pàdé. Bàbá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà nígbà náà, tó tún ń darí akọrin. Fadá Faransé kan wà ní míṣọ̀n ibẹ̀ tó ti darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dé àyà. Fadá yìí ní ẹ̀rọ agbóhùnjáde àtijọ́ kan, á fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, á sì máa sọ ìtàn ẹni tó kọ orin náà. Ó ní bàbá ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin, ọmọ rẹ̀ á sì fara ti ìlẹ̀kùn lóde, á máa gbọ́. Ó ní nígbà tó dàgbà, ó gba ẹ̀bùn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Róòmù, ó padà dé tòun ti ìrètí, gbogbo eré tó gbé síta sì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó lè jẹun, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún orin tiwọn tò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní dùùrù.

Lẹ́yìn náà ló kọ eré obìnrin kan tí kò gbà kí ọkùnrin kankan sọ pé òun ló ni ín, tí olólùfẹ́ rẹ̀ àná sì fọ̀bẹ gún un pa. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní gbọ̀ngàn tàwọn, ibi tí àwọn òbí ti ń mú ọmọ wá wo àfẹ́sọ́nà ni, àwọn ò fẹ́ òkú níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé obìnrin yẹn ò lè kúkú wà láàyè ni? Ó kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ ń tín-ín-rín, ó ń tín-ín-rín, nígbà tí obìnrin náà fi máa kú, gbogbo ilé ti tutù bí ọbẹ̀ àná. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ọkùnrin náà fi kú, kò tíì pé ogójì ọdún. Ìgbà tó kú tán ni ìlú àwọn ẹlòmíràn gbé eré náà, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n, tí gbogbo ayé sì gbà á lẹ́nu wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti kọ orin sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n kàn sọ̀rọ̀ lásán.

Ibẹ̀ yẹn ló máa ń bí Bàbá nínú jù. "Ṣó o rí i, Akin? Jẹ́ kó o kú báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí tún ẹ ṣe."

Nígbà kan, a kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo àwọn tó ń gun akọ màlúù ní Mesquite, ní tòsí àpátímẹ́ǹtì mi. Èmi jókòó sẹ́yìn pátápátá, torí mi ò mọ ohun tí akọ màlúù lè rò nípa mi. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, tí màlúù àkọ́kọ́ bẹ́ jáde, orin Ará Faransé náà ló bú jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàbá dìde dúró. Wọ́n ṣí fìlà. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí wa rò pé nǹkan pàtàkì ló ń ṣẹlẹ̀, ni àwọn náà bá dìde, wọ́n ṣí àkẹtẹ̀. Odidi ìlà kan dúró ṣánṣán níwájú màlúù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tèmi, fi ọwọ́ bojú: "Grandpa, sit down, please!"

Bàbá ò jókòó títí orin fi parí. "Ọkùnrin tí kò gbọ́ àtẹ́wọ́ ara ẹ̀," wọ́n ní. "Ẹ wò ó, ó ti délé màlúù."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá ṣe, torí lára rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù so mọ́.

Bàbá kọ ọ́pẹ́rà tiwọn, ẹyọ kan ṣoṣo láyé wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń rẹ aṣọ ní aró létí odò Ògùn ló wà nínú ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ kan ní òun ni òun máa fẹ́ ẹ, Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò fẹ́, ọdẹ sì yìnbọn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró rẹ̀. Nígbà tó ń kú lọ, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa pè é: "Àbẹ̀kẹ́ o, Àbẹ̀kẹ́ aláró, ta ló ń pè ọ́ létí odò? Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìkòkò rẹ ṣì wà níta." Àbẹ̀kẹ́ á dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ló máa kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo akọrin á gbè é, tí eré á parí.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin ni Bàbá fún ní ipò Àbẹ̀kẹ́, torí ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Gbọ̀ngàn iléèwé míṣọ̀n kún bámúbámú lọ́jọ́ náà. Ohun gbogbo ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀ títí ìbọn fi dún, tí Àbẹ̀kẹ́ ṣubú sórí ẹní. Ni gbogbo ilé bá ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Olùpè dá orin, wọ́n fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún un dá. Wọ́n tún bò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ta ló máa jókòó, tí wọ́n á máa pe ikú sórí ọmọ ọlọ́mọ lójú rẹ̀, tí kò ní fi ẹnu gbà á dà nù? Níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí, ìyá ọmọbìnrin náà ti gun orí pèpéle. Ó mú ọmọ rẹ̀ lápá, ó fà á dìde.

"Tíṣà, ọmọ tèmi ò ní kú lójú mi," ó ní. "Bó o bá fẹ́ òkú tó bẹ́ẹ̀, kú fúnra ẹ."

Bàbá sì ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Bàbá mi nìyí, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Wọ́n gbé igi tí wọ́n fi ń darí orin sílẹ̀, wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní yẹn níbi tí ọmọ náà ti dìde, wọ́n ká ọwọ́ sáyà, wọ́n pajú dé. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ wá kọ ọ́ lé èmi lórí."

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Àwọn akọrin ń wo ara wọn, ẹnì kan yọ́ gba ẹ̀yìn jáde, ẹnì kejì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ṣa àga wọn, wọ́n ń mi orí lọ sílé. Bàbá wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Fadá arúgbó yẹn fi wá jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Fadá ò kọrin. Ó kàn sọ pé, "Ọmọ mi, wọ́n ṣe é fún òun náà."

Bàbá fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Òun ni Màmá àgbà mi. Ìyá Màmá àgbà ò fọwọ́ sí i títí ó fi sú u, nígbà tó sì máa gbà, ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀: "Bó o bá tún la ẹnu kọ orin ikú yẹn, ìbáà jẹ́ lójú mi, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn mi, má pè mí ní ìyá mọ́." Màmá àgbà ò kọ ọ́ mọ́. Nílé wa ní Garland, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń gbé lọ́dọ̀ Màmá mi, Bàbá máa ń kọ gbogbo ọ́pẹ́rà yẹn nínú ilé ìdáná bí wọ́n bá ń bó iṣu: tọdẹ, tàwọn aláró, ti ìyá Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá dé ibi ìdáhùn Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa fi orí ka ìlù rẹ̀ títí á fi kọjá, wọ́n á wá gba orin padà. Màmá àgbà á ti bọ́ síta lọ máa bomi rin òdòdó. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú àlàfo yẹn.

Mo bi Màmá àgbà léèrè rí. Wọ́n ní, "Bi bàbá ẹ. Èmi ti kú níbẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Tèmi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa nígbà tí wọ́n gbé eré Ará Faransé náà wá sí gbọ̀ngàn ńlá ìsàlẹ̀ ìlú Dallas. Màmá àgbà ní orúnkún ń dun àwọn. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ. Òkè réré ni wọ́n gbé wa sí, mo sì di àga mú bíi pé bàálù ni. Bàbá wọ agbádá wọn tó dára jù. Wọn ò wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sókè pèpéle kí èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìka wọn kan ṣoṣo ló ń mì lórí orúnkún, ó ń darí gbogbo àwọn òyìnbó yẹn láti òkè.

Mo mọ̀ pé obìnrin náà máa kú. Bàbá ti sọ fún mi tó ìgbà tí irun orí mi pọ̀, nígbà tí mo ṣì ní irun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin yẹn yọ ọ̀bẹ, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ẹnu mi ò dúró dè mí.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ, sáré!"

Gbogbo orí tó wà nísàlẹ̀ ló yí padà. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dì mí lápá mú, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí n dákẹ́ ni tàbí òun náà ń bẹ̀rù. Mo yọ́ ojú wo Bàbá. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, omijé sì ń dà wọ́n lójú, wọ́n ti fi etí agbádá dí ẹnu.

"Ìyá àna mi," ni wọ́n sọ fún mi létí, "ti gba físà."

Ṣùgbọ́n wọn ò kọrin nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gba fíríwè débi tí mo ti máa yà, irin wọn wà lápò. Nígbà tó yá ni wọ́n ní, "Wọ́n jẹ́ kó kú, Akin. Wọ́n jẹ́ kó kú, wọ́n sì kọ ọ́ parí. Ṣé mi ò ní gbọ́ tèmi parí lójú èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Wọ́n gbìyànjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ràn orin náà gan-an, ó ní àwọn á ṣe é nígbà ìkórè. Inú Bàbá dùn títí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wá bá wọn nílé, tó rọra fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ibi tó parí sí yẹn. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún un, kó dìde? Ẹ̀rí ni àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́. Ká wá fi ìgbéyàwó parí ẹ̀."

Bàbá wò ó. "Ọmọ mi, ṣé o ti gbé ní ìlú Faransé rí?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ó jọ pé àwọn kan ránṣẹ́ sí ẹ láti ibẹ̀." Wọ́n gba orin wọn padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí Màmá mi bu oúnjẹ fún un. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní, "Ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó kú, wọn ò ní jẹ́ ká sunkún ẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni àárẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, àtẹ̀gùn ilé di òkè Olúmọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó sínú gáréèjì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn láti máa wo àdúgbò, ni wọ́n bá fa irin yọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ mi ní ohùn olùpè.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"O máa kọ ọ́ lé mi lórí nínú pósí. Ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé eré ni."

Màmá mi gbọ́ láti inú ilé. "Bàbá mi! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ṣó o gbọ́ ọ?" Bàbá bi mí. "Láti ìran dé ìran."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ yìí fún. Ẹ̀rù òkú ń bà mí. Bí wọ́n bá ń sin èèyàn, ẹ̀yìn ni mò ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, bíi pé èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́. Yàtọ̀ sí èyí, orin yẹn ní ìdáhùn. Mo bi Bàbá pé bí mo bá pe Àbẹ̀kẹ́ tán, ta ló máa dá mi lóhùn? Mo lérò pé wọ́n á dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn akọrin. Wọ́n wo ojú pópó, wọ́n rẹ́rìn-ín sínú.

"Ìwọ ṣáà pè é. Ẹni tó máa dáhùn mọ ibi tó ti ń wọlé."

Ẹ sọ fún mi. Èèyàn máa kú, á ní kí ẹ wá dúró tì í kí ẹ máa pe orin, á sì ní ẹnì kan á dáhùn, kò sì ní sọ ẹni náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà pé kí Bàbá dàgbà ju Mètúsẹ́là lọ. Ìfẹ́ wọn ni mo fi gbàdúrà náà o, àmọ́ ẹ̀rù náà dá owó sí i.

Mo kọ́ ọ ṣáá. Ìlà àkọ́kọ́ ò le. Ìlà kejì, ibi "ilẹ̀ ti ń ṣú," mo máa ń sáré níbẹ̀, irin á sì bọ́ sí èjìká mi.

"Ta ló ń lé ẹ?" Bàbá á ní. "Ilẹ̀ kì í sáré ṣú."

Àárọ̀ ni wọ́n lọ, lórí ibùsùn wọn, Màmá mi di ọwọ́ wọn kan mú, Màmá àgbà di èkejì. Nígbà tí mo fi dé láti Mesquite, gbogbo ilé ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ fìríìjì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fìríìjì ilé wa ń dún. Bàbá ti ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Ìgbà tí a ń ṣètò ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ orin dé. Màmá mi ní àwọn ò fẹ́. "Àwọn èèyàn á ní a ń fi òkú bàbá wa ṣeré ìtàgé. Ẹ jẹ́ ká kọ orin ìsìn, ká lọ sílé." Kí n má parọ́, ìdajì mi ń bẹ Ọlọ́run pé kí Màmá mi borí. Màmá àgbà, tí wọn ò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́ta láti àárọ̀ yẹn, gbé orí sókè.

"Ṣadé," wọ́n pe Màmá mi, "jẹ́ kí Akin pè é."

Ó tán.

Fadá ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà pé kí a kọ ọ́ kí wọ́n tó pa pósí dé. Tèmi ti kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ègbè lórí fóònù, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ahọ́n Amẹ́ríkà wà lẹ́nu wọn ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. "You got this, Uncle," Tèmi ní. Mi ò ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ní mi. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ pósí, mo dúró, bàtà ara mi ni mò ń wò. Mi ò wo ojú Bàbá. Mo fi irin lu orúnkún, mo gbé e sétí.

Mo dá a. "Àbẹ̀kẹ́ o, Àbẹ̀kẹ́ aláró, ta ló ń pè ọ́ létí odò?" Ìlà kejì, mo sá a bí ẹni tí ajá ń lé. Mo dé òpin rẹ̀, mo dákẹ́.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ pẹ̀lú mi. Mo ti ń wo ìlẹ̀kùn. Mo ti ṣírò ẹni tí màá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ẹnì kan sì dáhùn.

Mo fò. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fò, mo di òdòdó mú, òdòdó sì tẹ̀ lé mi. Mo rò pé inú pósí ni. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ti gbó, àmọ́ ó mọ́, ó bọ́ sí ibi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn mi ló ti ń bọ̀. Mo yíjú. Màmá àgbà ti dìde lórí àga iwájú, wọ́n ń bọ̀ wá síbi pósí láìsí ọ̀pá, ẹnu wọn là.

"Mo ti gbọ́, mo ń lọ. Ẹ má da aró mi nù."

"Màmá!" Màmá mi ké, wọ́n sì na ọwọ́ láti fà wọ́n padà, bí ìyá Màmá àgbà ṣe na tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yẹn dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó rọra balẹ̀ sí ẹ̀yìn Màmá àgbà, tó sì wà níbẹ̀.

Màmá àgbà gbé ọwọ́ lé àyà Bàbá. Wọ́n tún un kọ, díẹ̀díẹ̀ báyìí. "Ẹ má da aró mi nù." Àwọn ọmọ gbè é: "A ò ní dà á nù, aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀." Mo gbè é. Màmá mi gbè é, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A kọ ọ́, ó parí.

Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ta ní í pàtẹ́wọ́ níbi òkú? Tèmi ló bẹ̀rẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú omi lójú. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé, wọ́n dìde, wọ́n ń pa á, ó ń dún bí òjò lórí páànù. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú Bàbá. Mo dúró kí n rí i bóyá ìka wọn máa mì.

Kò mì. Àwọn náà ò gbọ́ àtẹ́wọ́ tiwọn.

Nígbà tí a ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, Màmá àgbà ní inú mọ́tò mi làwọn máa wọ̀. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, lórí àga Bàbá. A gun fíríwè.

"Inú ìyá mi á ti máa ru lọ́run," wọ́n ní nígbà tó yá.

"Kí lẹ máa wá sọ fún wọn, Màmá?"

"Màá ní mo ti dàgbà tó ẹni tí í kú nínú eré." Wọ́n na ọwọ́ sí àpò kóòtù mi, wọ́n yọ irin Bàbá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ lórí èjìká mi. Kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ojú mi ò ríran dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, tírélà kan sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìlà kejì yẹn, o sáré. Ta ló ń lé ẹ? Pè é padà."

Mo fa ikùn wọlé fún tírélà. Mo pè é, díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú.

Wọ́n sì dá mi lóhùn.